Omi Aláwọ̀ Ewé Tó Wà Lójú Fèrèsé

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Gwagwalada lọ sí Wuse, nígbà tí Abuja ṣì kún fún igbó, tọkọtaya kan jókòó níwájú mi. Ọkọ jẹ́ olùwádìí nípa nǹkan ọ̀gbìn, ìyàwó sì ti da omi ìwádìí rẹ̀ nù.

“O mà ṣeun o. O fọ ìgò mi mọ́ tónítóní.”

“Kò tọ́pẹ́, ọkọ mi. Omi adágún tó ti ń yọ̀, tó ti di àwọ̀ ewé, ẹ gbé e sójú fèrèsé ilé ìdáná mi!”

“Ohun abẹ̀mí ló wà níbẹ̀! Ó ń fi oòrùn se oúnjẹ fún ara rẹ̀.”

“Ó mà kúkú dáa. Nínú ilé wa, òun nìkan ni kì í bi mí pé kí la máa jẹ.”

“Máa rẹ́rìn-ín. Bó bá wà nínú oko ìrẹsì, á máa sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá, àgbẹ̀ lè má ra ajílẹ̀ mọ́. Ọ̀la ni mo fẹ́ gbé e lọ fi han ọ̀gá mi.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu obìnrin náà. “Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

“Mo sọ. O ní kí n wá jẹun kí ọbẹ̀ má tutù.”

Obìnrin náà bojú wo ìta. “Ọ̀nà ibo ni adágún yẹn wà?”

“Ushafa. Ọkọ̀ yìí ò gba ibẹ̀ kọjá.”

Ló bá pariwo sí ọmọ ọkọ̀: “Kai! Ẹ dúró, a máa bọ́ọ́lẹ̀ o!”