Pákó Pósí Bàbá Kọ́jó Ni Mo Fi Ṣe Tábìlì Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Iṣẹ́ oníròyìn ni mo ṣe títí irun mi fi funfun. Mo bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè òtítọ́, ṣùgbọ́n èmi alára fi ọ̀kan pamọ́. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ṣì wà láàyè, ara wọn kò sì le mọ́.

Kí n tó di oníròyìn, mo kọ́ṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Bàbá Kọ́jó, ní Atakpamé. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira orílẹ̀-èdè wa ni Faransé kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ta ẹ̀rọ àtijọ́ kan fún wọn. Kọ̀mbiné là ń pè é: òun ló ń rẹ́ pákó, òun ló ń fá a, òun náà ló ń lu ihò. Ṣùgbọ́n tábìlì irin rẹ̀ kúrú. Bí pákó bá gùn, ìdí rẹ̀ á tẹ̀ sísàlẹ̀, orí rẹ̀ á fò sókè lẹ́nu ayùn. Mẹ́ńsà, ẹni tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, máa ń sọ pé, "Igi ni ẹ̀rọ yìí ń jẹ, ṣùgbọ́n ẹran ló ń wá." Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ náà já èékánná rẹ̀ lọ. Kò dápàárá bẹ́ẹ̀ mọ́.

Bàbá Kọ́jó ní kí n fi igi mú tábìlì náà gùn sí i, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Mo ṣe é. Ọyẹ́ dé, igi tútù tí mo lò sì lọ́ bí ewé gbígbẹ. Bàbá ń lọ síbi ìsìnkú kan ní Notsé. Wọ́n ní, "Kí n tó dé, kí tábìlì yẹn tẹ́jú o. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ ni màá tẹ́ síbẹ̀."

Igi gbígbẹ kan ṣoṣo tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ni pákó ìrókò tó wà lókè àjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Pákó pósí wọn ni. Oko bàbá wọn ni ìrókò náà ti wá, òun náà ni wọ́n fi kan pósí bàbá wọn. Bàbá Kọ́jó ti fi ọ̀bẹ ya àgbélébùú sára pákó kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń wí fún wa pé, "Igi tó gba bàbá mi ni yóò gba èmi náà."

Mo gé e. Mo yí àgbélébùú náà sísàlẹ̀, mo fi irin bóòtù de pákó náà mọ́ tábìlì irin, mo sì kan ẹsẹ̀ igi sí i lábẹ́. Ó tẹ́jú bí omi inú abọ́.

Nígbà tí Bàbá dé, mo ní ilẹ̀kùn àtijọ́ kan ni mo rà tí mo fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n wo òkè àjà, mo ní ikán ti jẹ pákó wọn, mo sì ti sun ún.

Wọ́n wò mí títí. "Ikán? Jẹ ìrókò?" Wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ yẹn kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe mọ́. Ibùsùn, ilẹ̀kùn, àga ilé ìwé, orí tábìlì náà ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ibẹ̀ ni mo ti jẹun kí n tó rí iṣẹ́ rédíò. Bàbá ń gbàdúrà fún mi ní gbogbo ìgbà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀rí ọkàn mi sì ń gún mi.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ kí wọn. Wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ náà, Mẹ́ńsà tó ti di ọ̀gá níbẹ̀ ń rẹ́ pákó. Mo rí ọwọ́ wọn lábẹ́ tábìlì, ìka wọn ń tọ ojú àgbélébùú.

"Oníròyìn," ni wọ́n wí, "ilẹ̀kùn rẹ yìí mà dára o. Ikán kò jẹ ẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọlọ́run ṣeun, ìka àwọn ọmọ mi pé."

Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́.

Mo ti rí igi gbígbẹ mìíràn tí màá fi rọ́pò rẹ̀ lára ẹ̀rọ náà. Mo ti wọn ìrókò náà: èyí tó kù nínú rẹ̀ kò lè ṣe ju ìdérí pósí lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá tú u fún wọn báyìí, yóò dà bí ẹni pé mo ń lé wọn lọ sí sàréè. Bí mo bá dúró dìgbà tí wọ́n bá lọ, ta ni màá dọ̀bálẹ̀ fún?