Kọfí Gbígbóná Lẹ Fi Fa Ọmọ Mi Kalẹ̀

Ẹ má ní kí n jókòó, Bàbá Mufleh, mi ò jókòó! Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ bọ omi a máa jókòó ni? Ẹ gbé ìrọ̀rí yẹn sẹ́yìn, ẹ má da tíì fún mi, ẹ ṣáà gbọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lẹ jẹ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín, láti ọdún mẹ́sàn-án tí Suwelem ti kú, ǹjẹ́ ẹ gbọ́ ariwo mi nínú àgọ́ yìí rí? Ó tó o! Lónìí ẹ ó gbọ́ ọ. Kí ará àgọ́ kejì gbọ́. Kí ewúrẹ́ gan-an gbọ́!

Kí ni ọkùnrin yẹn bá wá? Ẹ dá mi lóhùn. Ẹnjiníà Rashad láti ìlú Amman, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ márùn-ún, wọ́n ní àwọn fẹ́ rìn nínú aṣálẹ̀. Ọ̀nà wo ni wọ́n ní àwọn fẹ́ rìn? Ọ̀nà ewúrẹ́ ni, ọ̀nà orí òkè, tí ìyá arúgbó ń fi ọ̀pá rìn, kí wọ́n rìn ín fún wákàtí méjì, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n mu tíì, kí wọ́n máa lọ ilé wọn. Mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo ń yan búrẹ́dì, etí mi ló gbọ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Umm Sidra. Àfonífojì Umm Sidra, ihò tóóró àárín àpáta yẹn, ta ló máa fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ rẹ̀ lásìkò tí òjò ti ń kó ara jọ?

Ẹ wá bu kọfí fún un. Ọkùnrin ará ìlú, tí ìka rẹ̀ rọ̀ bí ìka ọmọ tuntun, ife kékeré tí kò ní ìdìmú, kọfí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Ó jó o! Ó jó o lọ́wọ́, Bàbá Mufleh, mo yọjú níbi tí aṣọ ti ya, mo rí i, ó ń fẹ́ ìka rẹ̀ fùù fùù, ó gbé ife sílẹ̀ kó má bàa dà sí i lára. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Kò mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa níbí, àlejò tó bá gbé kọfí sílẹ̀ láìmu, ẹ̀bẹ̀ ló gbé wá. Ẹ̀yin náà ò bi í. Ẹ na ọrùn, ẹ fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ohùn yín wá ki bí ohùn bàbá yín: "Mu kọfí rẹ, àlejò mi, ohun tí o bá wá ti di tìẹ." Háà! Ẹni tí ìka ń ta! Ohun tó ń wá, omi tútù ni!

Òun gan-an ò kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fún un. Ó ń wò yín sùn-ùn. Àfi ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dé fìlà aláwọ̀ ewé, èyí tí ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wa, ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́. Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe là. Ó ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Bàbá, Umm Sidra la fẹ́. Láti òkè délẹ̀. Lọ́la." Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ bá ní, "Ọmọ mi, àbí kọfí ló jó ọ lọ́wọ́?" Ọ̀rọ̀ ìbá parí sínú ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má bàa ní àgbàlagbà ṣèèṣì lójú àlejò, ẹ mi orí. Ẹ ní kò burú. Ẹ ní, "Auda ni yóò mú yín lọ."

Auda! Ọmọ ta ni Auda? Ṣé ẹ̀yin lẹ bí i? Mufleh lẹ bí. Mufleh mọ ọ̀nà yẹn bí Auda ṣe mọ̀ ọ́n, Mufleh kò rọ lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ wo lẹ wá fún Mufleh? Kó wa mọ́tò gba títì, kó lọ dúró dè wọ́n níbi tí àfonífojì ti já sí gbangba, kó ti gbé tíì kaná! Ọmọ tiyín, mọ́tò. Ọmọ tèmi, ihò. Wàláhì, Ọlọ́hun ń wò wá.

Ẹn? Kí lẹ wí? Pé ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́? Mo mọ̀! Ṣé àná ni mo dé ìdílé yìí ni? Mo mọ̀ pé ẹ ò lè kó ọ̀rọ̀ yín jẹ, wọ́n á fi wá ṣẹ̀sín títí dé ẹnubodè. Ṣé mo ní kẹ́ ẹ kó o jẹ ni? Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ tán.

Ètò tí wọ́n ṣe ńkọ́, ẹ tiẹ̀ wò ó? Èmi wò ó. Ẹnjiníà gbé fóònù kalẹ̀ lórí ẹní, ó ń fìka fa àwòrán ilẹ̀ síwá sẹ́yìn, Auda ń mi orí torí kò lè já yín kulẹ̀ lójú àlejò. Okùn méjì. Omi ìgò mẹ́rin mẹ́rin. Ẹja agolo. Wọ́n á wọlé láàárọ̀, wọ́n á rìn títí, wọ́n á wá sùn níbi tí ògiri àpáta méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, nítorí pé, ẹ gbọ́ o, ẹnjiníà ní wọ́n sọ pé iyanrìn ibẹ̀ rọ̀. Iyanrìn rọ̀! Díẹ̀ ló kù kí n pariwo lẹ́yìn aṣọ. Ta ló kó iyanrìn rírọ̀ débẹ̀? Ta ló tẹ́ ẹ? Igi ńlá tó há sáàárín ògiri lókè ibẹ̀, tí ọkùnrin mẹ́ta bá gun ara wọn léjìká wọn ò ní kàn án, ta ló gun òkè lọ há a síbẹ̀? Ẹnjiníà ò béèrè. Ó ní fóònù òun sọ pé oòrùn ló máa ràn.

Oòrùn ò ràn lọ́jọ́ tí Suwelem lọ ni? Ojú ọ̀run mọ́ roro. Mo sá aṣọ lọ́jọ́ náà, ó gbẹ. Òjò tó pa ọkọ mi, ẹ̀kán kan ò kán sí wa lára, òkè ìlà-oòrùn ló rọ̀ sí, ìrìn odidi ọjọ́ kan sí wa, omi wá gba inú ihò wá bá a. Ọjọ́ kọkànlá la tó rí i, ìgbànú rẹ̀ la fi dá a mọ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé e jáde. Ẹ sunkún lójú mi, Bàbá Mufleh. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?

Mànàmáná ń kọ lẹ́yìn òkè yẹn kan náà lánàá, láìsí ariwo àrá. Láàárọ̀ yìí, mo da àwọn ewúrẹ́ mi lọ sí kòtò omi ẹnu Umm Sidra, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, wọ́n ò sọ̀kalẹ̀. Mo sọ òkúta lù wọ́n, wọ́n ò lọ. Òbúkọ kọjú sí ìlà-oòrùn, ó na etí, ó ń gbọ́ ohun tí èmi ò gbọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ látibẹ̀ ń rùn bí erùpẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, bẹ́ẹ̀ àwa ò sì rí òjò láti oṣù kẹrin.

Mo bá Auda sọ ọ́. Ẹ mọ ohun tó wí? Ó ní, "Ìyá mi, ọ̀rọ̀ bàbá ti jáde, èmi ni n ó gbé e." Bàbá lẹ jẹ́ lójú rẹ̀! Ó ń ká okùn, ó ń súfèé. Ọmọ yẹn kì í súfèé. Ẹ̀rù ń bà á, kò lè wí. Òun nìkan ni mo bí, òun nìkan ṣoṣo, ojú kan tí mo fi ń ríran nìyẹn.

Ẹ ní orúnkún ń dùn yín? Mo ti ní kẹ́ ẹ dìde ni? Ẹ ti mọ ibi tí mo ń lọ! Orúnkún yẹn ò dùn yín nígbà tí ẹ gun òkè lọ wo ràkúnmí olówó iyebíye lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣáájú àlejò yín. Bẹ́ ẹ bá dé ẹnu ihò yẹn, tí afẹ́fẹ́ yẹn fẹ́ sí yín nímú fúnra yín, bóyá ẹnu yín á lè sọ ohun tó kọ̀ láti sọ lórí ẹní. Bí kò bá sì sọ ọ́, ẹ bá wọn wọ inú ihò náà. Auda á wà lọ́dọ̀ mi.

Ẹ wo ohun tí mo kó wá lábẹ́ ìborùn mi. Bàtà yín rèé, ẹnu àgọ́ ni mo ti mú un. Ṣọ́bìrì rèé, tí ẹ fi gbẹ́ sàréè bàbá rẹ̀. Ẹ wọ bàtà, tàbí kẹ́ ẹ gbé ṣọ́bìrì, kẹ́ ẹ lọ gbẹ́ sàréè Auda nísinsìnyí tí ara rẹ̀ ṣì ń gbóná, kó lè rí i kó tó máa lọ.

Ẹ mú ọ̀kan. Ẹ má wò mí, Bàbá Mufleh. Ẹ mú ọ̀kan.