Ewé Kábéèjì Tí Mo Fi Sẹ́nu Ìyàwó Ọmọ Mi

Ó tó gẹ́ẹ́! Mal-ja, àbúrò ọkọ mi, pa ẹnu rẹ dé, kí o sì gbé àwo ata yẹn sílẹ̀. Kábéèjì ò ní sá lọ. Tae-gyu, ọmọ mi, ìwọ náà jókòó. Bí mi ò bá sọ òtítọ́ lónìí, Da-yeong ìyàwó rẹ máa kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.

Ẹ rántí ọjọ́ tí a po kimchi èṣín, kábéèjì oníyọ̀ tí a fi ata kùn, bí a ti ń ṣe lónìí yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ara mi gbóná janjan. Mo ki owú àyẹ̀wò kòrónà bọ imú, ìlà méjì ló yọ lójú ike rẹ̀. Àgbàyà bíi tèmi mọ̀ pé àrùn ti wọlé. Ṣùgbọ́n kábéèjì ti wà nínú iyọ̀ láti àná, ẹ ti wà lójú ọ̀nà, mo sì ti ń gbọ́ ohùn Mal-ja ní etí mi: "Ìyàwó wa ti darúgbó, kò lè kó ilé jọ mọ́." Ni mo bá lo oògùn ibà, mo ju ike náà sínú iná. Nítorí ẹnu Mal-ja, ẹ gbọ́ ná! Mo ní ikú yá ju ẹ̀sín, àmọ́ ikú tèmi kọ́ ni mo fi ń ṣeré.

Da-yeong wọlé tòun ti oyún oṣù mẹ́fà. Ó ní, "Màmá, ẹ̀ ń wúkọ́ o. Ṣé kò sí?"

"Ata ni, jàre."

Mo wá ṣe ohun tí ìyá ọkọ ń ṣe nílé wa. Mo fi ewé kábéèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ata we ẹran ẹlẹ́dẹ̀, mo fi ìka mi gbé e sí i lẹ́nu. Ó fẹ́ yẹra. Mo ní, "Ṣé ọwọ́ mi ló dọ̀tí ni?" Ó ya ẹnu. Ta ló máa kọ ọwọ́ ìyá ọkọ lójú ẹbí?

Kò pẹ́ tí ibà fi dá a dùbúlẹ̀. Ibà lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń ṣú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru aláboyún ni, ó ní kòrónà lè dá kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ò lè búra pé àrùn náà ló fà á. Wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ tó ń rákò yìí jáde láìpé oṣù. Ó kéré débi pé mo gbójú kúrò.

Èyí tó burú jù ló kù. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, Mal-ja ní, "Ọ́fíìsì ló ti kó o wá. A ní kó jókòó sílé, kò gbọ́." Gbogbo yín wò mí. Mo ní, "Mo sọ fún un, mo sọ títí." Wọ́n ń ti Da-yeong kọjá lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Òun ló bẹ̀ mí! Mo sì gba ẹ̀bẹ̀ náà. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ fi iṣẹ́ ọ́fíìsì náà sílẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀yin ọmọdé, bí àgbà bá ń wúkọ́ tó ní ata ni, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta, ẹ má wo ewú orí rẹ̀.

Da-yeong, má kọ̀wé kankan. Dárí jì mí, bó o bá lè ṣe é. Ewé kábéèjì àkọ́kọ́ ti ọdún yìí ló wà nínú àwo tó wà níwájú rẹ yẹn. Mi ò ní gbé e sẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bó o bá fẹ́, mú un fúnra rẹ. Bó ò bá fẹ́, dà á nù, kí Mal-ja má sì sọ nǹkan kan.