Ìwé Ìdánwò Bọ́lá Tí Mo Fi Pamọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹrù kan wà lọ́kàn mi tí n kò lè gbé kọjá Sunday tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ náà ni ìjọ wa ní Ìjerò fẹ́ bá mi dúpẹ́ pé mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ẹni tó sì fẹ́ jẹ́rìí nípa mi, òun gan-an ni mo ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Bọ́lá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi ná. Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mo kà. Olùkọ́ ìṣirò ò sí nílé ìwé wa nígbà náà, ni ọ̀gá bá ní kí n máa kọ́ kíláàsì Bọ́lá. Mo kọ fọ́múlà sójú pátákó: v = u + at. Mo ní ká yọ t sọ́tọ̀, pé ohun tó bá ti sọdá àmì ìdọ́gba, ká kàn yọ ọ́ kúrò. Ni mo bá kọ t = v − u − a gàdàgbà.

Bọ́lá nawọ́. “Ẹ má bínú mà, ṣé kì í ṣe pé ká fi a pín in?”

“Àbí ìwọ ni olùkọ́?” Mo ní kó jókòó.

Lọ́jọ́ kejì mo fún wọn ní ìdánwò. Ẹni tó bá ṣe dáadáa jù ló máa ṣojú wa níbi ìdíje ìṣirò l'Ádó. Gbogbo wọn ṣe é bí mo ṣe kọ́ wọn, àfi Bọ́lá. Mo fi bíírò pupa fagi lé tirẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo fi nọ́ńbà dán an wò. Mo fi méjì sípò u, mẹ́ta sípò a, mẹ́rin sípò t. V jẹ́ mẹ́rìnlá. Tèmi ní t jẹ́ mẹ́sàn-án. Ti Bọ́lá ní mẹ́rin. Háà! Ojú tì mí.

Mo fi ìwé náà pamọ́. Mo sọ fún ọ̀gá pé Bọ́lá ò fi ìwé sílẹ̀. Mo sọ fún Bọ́lá fúnra rẹ̀ pé n kò rí i láàárín ti àwọn yòókù, pé ó ti ní láti sọ ọ́ nù, ó sì gbà mí gbọ́. Ẹlòmíì ló lọ.

Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó ní Ìlórò, gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí ọ̀kadà wá bẹ̀ mí pé kí n má bínú sí ọmọ òun tí kò rí ìwé rẹ̀ mọ́. Ẹ dákun, mo gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kọ́ wọn bí Bọ́lá ṣe ṣe é. Mo ní ṣe ni mò ń dán wọn wò tẹ́lẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi!

Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn nínú ọkàn mi, mo dúpẹ́ títí. Látọjọ́ náà, n kò kọ fọ́múlà kankan sójú pátákó láì kọ́kọ́ fi nọ́ńbà dán an wò. Òun ló sọ mí di olùkọ́. Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, òun náà ń kọ́ni ní ìṣirò l'Ódò-Ọwá báyìí.

Ó pè mí lọ́jọ́sí. “Mà, látìgbà tí mo ti sọ ìwé ìdánwò mi nù yẹn ni mo ti kọ́ láti máa ṣọ́ra. Màá sọ ọ́ fún ìjọ. Ẹ ṣeun mà.”

Kò sọ nǹkan kan nù. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Láàárọ̀ yìí, mo fi bíírò pupa kọ mẹ́wàá nínú mẹ́wàá sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n gbé e fún un níwájú ìjọ, àbí kí n kọ́kọ́ gbé e lọ bá bàbá rẹ̀ ní Ìlórò, tèmi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀?