Ẹja Tí N Kò Fẹnu Kàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n dúró síbí lónìí. Ẹ má tíì ké Halelúyà, ẹ jẹ́ kí n rò ó tán. Pásítọ̀ ní kí n má pẹ́. Mo gbọ́, sà.

Ẹ mọ̀ mí, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní sọ́míìlì kan l'Ókè-Àgbò. Ayùn gé ọ̀kan nínú wa lọ́wọ́, àwọn ọ̀gá ò tọ́jú rẹ̀, la bá daṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, iná sọ nínú pákó. Ọlọ́run ló mọ ẹni tó dá a. Èmi ni ọlọ́pàá mú.

Ẹ̀yin ará, ọdún méjì ni mo fi dúró de ìgbẹ́jọ́ lẹ́wọ̀n! Tá a bá dé kóòtù, adájọ́ ò ní í jókòó. Tí adájọ́ bá jókòó, wọn ò ní í rí fáìlì. Ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì l'Ágọ̀-Ìwòyè ń wá wò mí títí ó fi sú u. N kò bá a wí. Mo gbàdúrà, mo gbààwẹ̀. Nígbà tó yá, ààwẹ̀ ọ̀hún kì í ṣe ti Ọlọ́run mọ́, mi ò jẹun kí n lè kú ni. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, òótọ́ ni mò ń sọ.

Lọ́jọ́ kẹrin tí mi ò jẹun, wọ́dà ju lẹ́tà kan sí mi. Bàbá kan ní Èfìrè ló kọ ọ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá ń pẹja. N kò mọ̀ wọ́n rí. Wọ́n gbọ́ orúkọ mi lórí rédíò ni. Wọ́n ní wọ́n ti ti àwọn náà mọ́lé rí nígbà táwọn tíṣà daṣẹ́ sílẹ̀. Wọn ò wàásù fún mi. Wọ́n sọ bí omi ọ̀sà ṣe rí láàárọ̀, àti bí ìyàwó wọn ṣe ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn ò mọ àwọ̀n tún ṣe. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé: “Ẹja yíyan tí mo fi ránṣẹ́, ṣé ó dùn?”

Ẹja wo? Mo gbójú sókè, wọ́dà ń fi ìka yọ eegun ẹja lẹ́nu.

Wọ́dà yìí ló ń ka lẹ́tà wa kó tó jáde. Bí mo bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn, lẹ́tà parí nìyẹn. Mo bá kọ ọ́ pé: “Bàbá, ẹja yín dùn gan-an.” Mo sì jẹun lọ́jọ́ yẹn, kí n lè lágbára láti kọ̀wé. Lẹ́tà ń wá, ẹja ń bá a wá, wọ́dà ń sanra, èmi ń purọ́. Èyí níyọ̀ dáadáa, èyí lórí ńlá! Ọkàn mi ń dá mi lẹ́bi pé mò ń tan arúgbó jẹ.

Àfi bí lẹ́tà ò ṣe wá mọ́. Mo kọ mẹ́ta, kò sí èsì. Mo ní bàbá ti mọ̀ pé òpùrọ́ ni mí. Ikú ni mo tún ń bẹ̀.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n gba bélì mi. Iṣẹ́ ti lọ, ẹjọ́ ò sì tíì parí. Mo wọkọ̀ lọ sí Èfìrè láti tọrọ àforíjì. Ìyàwó wọn ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti sin bàbá.

Mo dọ̀bálẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, n kò fẹnu kan ẹja yẹn rí. Wọ́dà ló ń jẹ ẹ́.”

“Ṣé o rò pé bàbá ò mọ̀ ni? Ṣé àwọn náà ò ṣẹ̀wọ̀n rí ni? Wọ́dà ló lẹja, kó lè máa fún ọ ní lẹ́tà. Wọ́n ń béèrè bóyá ó dùn kí wọ́dà lè mọ̀ pé òmíì ń bọ̀. Ibi tó o ti ń yin orí ẹja yẹn, lórí ibùsùn àìsàn gan-an, wọ́n á ní kí n tún un kà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi dé. Wọ́n ní kí n má kọ ọ́ sí ọ pé ara àwọn ò yá.”

Ìyá gbé ẹja yíyan kan síwájú mi. Mo jẹ ẹ́. Iyọ̀ ò tó rárá. Wọ́n bi mí pé ṣé ó dùn, mo bú sẹ́kún.

Ọlọ́run ló rán bàbá sí mi, tirẹ̀ ni ògo. Ṣùgbọ́n bàbá ò sí mọ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo sì tún ń lọ sí kóòtù. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ará. Ẹ yọ̀ dípò mi, torí èmi ò tíì lè yọ̀. Ẹ lè ké Halelúyà náà wàyí.