Ẹja Ínǹṣì Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀la ni dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé orí tábìlì rẹ̀. Ìyá yín ni mo ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó tì mí, kó fún mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lọ sódò. Mo ní atẹ́gùn ibẹ̀ yóò ṣe é lóore. Irọ́ ni! Òfin odò ló wà lọ́kàn mi. Ẹni tó bá ń fi ìwọ̀ pẹja ṣeré gbọ́dọ̀ sanwó gba ìwé àṣẹ lọ́dọọdún, àfi ẹni tí kò ríran àti ẹni tó ti pé àádọ́rin ọdún. Ahun ni mí, ẹ kúkú mọ̀. Èmi ni mò ń pẹja; bí mo bá ti gbúròó bàtà aṣọ́dò tó ń yẹ ìwé àṣẹ wò, mo máa ń yára fi ọ̀pá ìwọ̀ sí i lọ́wọ́.

Aṣọ́dò á ní, "Ìyá, ẹja ńkọ́?"

Ìyá yín á ní, "Ó ń bọ̀, ó ṣì ń wẹ̀ lọ́wọ́ ni." Aṣọ́dò á rẹ́rìn-ín, á kọjá lọ.

Àṣé ọwọ́ rẹ̀ ti ń mọ iṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fi ọ̀pá ìwọ̀ sí i lọ́wọ́, mo yà sẹ́yìn igbó láti tọ̀. Kí n tó fa ṣòkòtò sókè, mo gbọ́ ariwo: "Bàbá wọn, ẹ gbà mí o! Ó fẹ́ wọ́ mi lọ!" Mo sáré dé, mo fi àwọ̀n gbé ẹja náà. Háà! Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ju ìwọ̀ sódò yẹn, mi ò pa irú rẹ̀ rí. Ìlara gbé mi wọ̀, èmi àgbàyà.

"Ṣé ó tó?" ló bi mí, torí òfin ní ká dá ẹja tí kò bá tó ínǹṣì méjìlá padà sómi. Télọ̀ ni mí. Ogójì ọdún ni mo fi wọn aṣọ, mi ò yọ ínǹṣì kan jẹ mọ́ oníbàárà lára rí. Mo yọ téèpù lápò, mo wọ̀n ọ́n: mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Mo ní, "Mẹ́wàá péré ni. Pẹ̀lẹ́."

"Ó mà wúwo lọ́wọ́ mi o."

"Omi ló ń fà á."

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Mo ti ẹja bọ àpò, mo gbé òkúta, mo sọ ọ́ sódò kó lè gbọ́ ìró rẹ̀. Ìyá yín juwọ́ sí omi, ó ní, "Máa lọ o. Lọ dàgbà, kí o padà wá bá mi."

Mo rìn lọ sísàlẹ̀ odò díẹ̀, mo sì fi ariwo padà dé pé èmi náà ti pa tèmi. Ó jẹ nínú ẹja yẹn, ó tún ń yìn mí. Àwòrán mi tí ẹ ń fi yangàn fún àlejò, ẹja rẹ̀ ni mo gbé dání níbẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá rèé. Ẹ kọ orúkọ ìyá yín sábẹ́ rẹ̀.

Lánàá mo lọ gba ìwé àṣẹ. Akọ̀wé ní, "Bàbá, oṣù mẹ́ta ló kù kí ẹ pé àádọ́rin, ọ̀fẹ́ ni yóò dà nígbà náà." Mo ní kó ṣáà tẹ̀ ẹ́ fún mi. Òun rèé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá fọkàn tán yín, ẹ má fi òṣùwọ̀n èké wọn nǹkan fún un.

Ìyá wọn, na ọwọ́ rẹ méjèèjì. Téèpù mi nìyí, mo ti nà án sáàárín wọn. Fọwọ́ tọ̀ ọ́ láti ìhín dé ọ̀hún. Bí ẹja rẹ ṣe gùn tó nìyẹn. Jọ̀ọ́, foríjì mí.