Máṣíìnì Tí Ò Lè Mí Lórí Òkè Mambila

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó sórí àga sọ ọ́, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Àná la wọ Ìkòròdú, gbogbo egungun ara mi ló ń ro mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá sùn sílé lónìí láìdúpẹ́, abara-móore-jẹ ni mí.

Ẹ mọ Dámilọ́lá ọmọ mi, tó máa ń kọrin ní kúáyà. Àgùnbánirọ̀ ni, orí òkè Mambila ní Tàràbà ni wọ́n gbé e lọ, ibi tó tutù bíi fíríìjì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè wá lórí fóònù: ibà ti dá a wó, kò mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Oògùn tán níbẹ̀, òkè sì ti ya dí títì. Ọkọ̀ ò lè gòkè, àfi máṣíìnì. Ha! Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí.

Ẹ kúkú mọ máṣíìnì tèmi, arúgbó gìrìwò tó ní àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tó ṣì ń lo kábúrétọ̀, tí mo fi ń rìnrìn àjò. Mo ra oògùn àti omi dírípù, mo kó wọn sínú àpótí, mo gbọ̀nà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀nà yẹn jìn! Mo sùn lójú ọ̀nà, mo jí, mo tún gùn ún. Nígbà tí mo fi máa dé ẹsẹ̀ òkè, ó ti sú mi.

Kọ́nà lórí kọ́nà. Bí mo ṣe ń gòkè ni máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, èéfín dúdú ń tú lẹ́yìn. Mo ní ebi epo ló ń pa á. Lọ́dọ̀ wa níbí, bí ìrì ọ̀sà bá mú máṣíìnì láàárọ̀, ṣebí ṣóòkì la máa ń fà kó lè rí epo mu? Mo fa ṣóòkì. Ó kú pátápátá.

Mo tì í títí. Mo wá gbàdúrà ogun: ẹ̀yin ará ilé bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́, tẹ́ ẹ tẹ̀ lé mi dé Mambila, ẹ padà lẹ́yìn mi! Iná! Àǹtí mi láti Ẹ̀pẹ́ ló jókòó síbẹ̀ yẹn o. Ẹ má bínú, mà, ẹ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Nígbà tó yá, ohùn mi há. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo ń sunkún. Mo ní, "Bàbá, ó ti rẹ̀ mí. Bí mo bá fẹsẹ̀ rìn ín, mi ò ní bá ọmọ mi láàyè." Mi ò lè pariwo mọ́, mo kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ibẹ̀ ni Ẹ̀mí Mímọ́ ti bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, ta ló fún ẹ lọ́rùn tó ò ń mí báyìí? Afẹ́fẹ́ ibí ló fúyẹ́! Bí kò ṣe tó ẹ mí ni kò ṣe tó máṣíìnì ẹ. Epo ti pọ̀ jù fún un, ìwọ tún ń rọ sí i.

Yéè! Mo ti ṣóòkì padà. Mo tú púlọ́ọ̀gì, epo ti rin ín gbingbin, mo nù ún gbẹ. Mo ṣí kábúrétọ̀, mo fa abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kí epo tó ń wọlé lè dín kù. Mo ní "Jésù!", mo tẹ sítátà. Ó dáhùn! Kò sáré o, ó ń wọ́ lọ bí àgbàlagbà, ṣùgbọ́n kò kú mọ́ títí a fi dókè.

Wọ́n so dírípù mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó ní, "Dádì, kí ló dé tẹ́ ẹ dúdú báyìí?" Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún. Nígbà tí wọ́n la títì, ó wọ ọkọ̀, èmi ń tẹ̀ lé e bọ̀ wálé.

Òun ló wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn, tó gbórí lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, tó sùn lọ. Ògo ni fún Ọlọ́run! Kúáyà, mi ò lè jó, ìbàdí mi ti kú. Ẹ̀yin tí èémí yín délẹ̀, ẹ bá mi jó. Ṣùgbọ́n ẹ rọra pàtẹ́wọ́ o, ẹ jẹ́ kí ọmọ mi sùn.